Lẹ́tà Tí Sakinah Kọ Lórúkọ Ọkọ Rẹ̀

Sakinah ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì bu oyin sí i. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bú òun, kó kọ́kọ́ kà á dópin ná.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ìlọrin. Toyyib ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ oko ní yunifásítì tó wà ní Malete. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Fawziyyah, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ó fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, torí kì í ṣe ìkórìíra ló fa ohun tó ṣe.

Ẹ̀rù ni.

Ẹ̀rù ọ̀hún ní ibi tó ti wá. Abdulwaris, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ti wà ní Houston ní Amẹ́ríkà fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń wa mọ́tò bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra ẹran, ó sì yà síwájú mọ́tò ẹnìkan. Ẹni náà bínú. Ó tẹ̀ lé e títí dé ibi tí iná pupa ti dá wọn dúró, ó sọ gíláàsì mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, ó yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Kò jí nǹkan kan. Wọn ò mọra rí.

"Torí pé ó yà síwájú ẹ̀?" Ohun tí ìyá wọn ń bi gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ fídáù nìyẹn. "Ní Ìlọrin níbí, ta ni wọn kì í yà síwájú ẹ̀? Àwọn ọlọ́kadà ń yà síwájú mi lójoojúmọ́. Mà á ṣépè, mà á sì máa lọ tèmi."

Houston ni wọ́n sin Abdulwaris sí. Ojú fóònù ni ìyá ti wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bo ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Sakinah ti ń ṣa ìròyìn ìbọn Amẹ́ríkà jọ bí ẹni ń ṣa èso. Wọ́n yìnbọn nílé-ẹ̀kọ́, ó rí i. Wọ́n yìnbọn nílé ìtajà, ó rí i. Gbogbo rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí Toyyib.

"Ìyá Fawziyyah," ni Toyyib sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ìlú tó tóbi tó yẹn, ṣé o rò pé gbogbo wọn ló ń yìnbọn ni?"

"Àwọn èèyàn yẹn ò ní sùúrù. Bí tẹ̀súbáà ṣe wà lọ́wọ́ wa níbí ni ìbọn ṣe wà lọ́wọ́ wọn."

Toyyib rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ó sì ní ìdí tó fi ń wo ọ̀nà Amẹ́ríkà. Láìsí oyè ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ yunifásítì ò lè gòkè. Ọmọ tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ti lọ gba tiẹ̀ níta, ó ti dé, ó sì ti di ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Toyyib ti kọ̀wé síta tí wọn ò gbà á. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Texas, Sakinah ní, "Ẹ gbìyànjú ẹ̀." Ó dá a lójú pé wọn ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kẹta náà. Kódà, òun ló bá a tún Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, fóònù Toyyib já sínú omi lóko ìdánwò wọn ní Malete. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Post Office. Wọ́n ní ojú ẹ̀ ti kú, àfi kí àwọn dúró de òmíràn láti Èkó. Ó bá ṣí ímeèlì rẹ̀ sórí fóònù ìyàwó rẹ̀.

"Máa bá mi wò ó," ló sọ. "Bí nǹkan kan bá wọlé láti Texas, pè mí sórí kékeré."

Fóònù kékeré tó ń tan iná ló ń gbé káàkiri.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà tí àwọn ọmọ jáde fún ìsinmi, lẹ́tà náà wọlé. Sakinah jókòó sínú yàrá àwọn olùkọ́, ó kà á. Wọ́n ti gba Toyyib. Wọn ò ní gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa san owó oṣù fún un títí yóò fi parí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju kó dá wọn lóhùn kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn náà. Fóònù dún, ó dún, kò gbé e. Ó wà nínú kíláàsì.

Ká ní ó gbé e ni, ìtàn yìí ì bá má sí.

Ummu-Kulthum, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wo ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Ta ló kú?"

Sakinah sọ fún un.

"Há! Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí. Ó kù sọ́wọ́ ìwọ àti ọkọ ẹ o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, ọkọ mi ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Mà á sunkún sí i lára títí á fi gbà."

Ohun tí Ummu-Kulthum sọ ni pé kó sunkún. Ohun tí Sakinah gbọ́ ni pé kó má jẹ́ kó lọ.

Nírọ̀lẹ́, Toyyib wọlé, ó ṣí fìlà. "Mo rí i pé o pè mí. Ṣé nǹkan wọlé ni?"

"Rárá o. Mo kàn ní kí n béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ máa ra búrẹ́dì ni."

Rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní òun gbọ́ nígbà tó bọ́ lẹ́nu òun, bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ó gbèrò pé òun á sọ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn Àsárì, ó lọ kí ìyá rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi aṣọ nu àwòrán Abdulwaris tó wà lára ògiri.

"Toyyib ńkọ́?" ni ìyá béèrè. "Ṣé kò tíì fi ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yẹn sílẹ̀? Sakinah, mi ò ní okun ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tún pè mí láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà á kú."

Lọ́jọ́ Àìkú, Toyyib mú Fawziyyah lọ sí ilé ìyá tiẹ̀. Sakinah nìkan ló wà nílé. Ó ṣí ímeèlì ọkọ rẹ̀. Ó mọ bí Toyyib ṣe ń kọ̀wé, kò sì ṣòro fún un láti kọ ọ́ bí ẹni pé òun ni:

"Ẹ ṣé púpọ̀ fún oore yìí. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ò ní jẹ́ kí n lè wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ẹlòmíràn láyè mi."

Ó kọ orúkọ Toyyib sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe bisimillahi kó tó tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹnu rẹ̀ ti là kó tó rántí pé èèyàn kì í fi bisimillahi bẹ̀rẹ̀ irú èyí. Ó pa ẹnu dé. Ó tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dáhùn pé ó dun àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ti gbọ́. Sakinah pa èsì náà rẹ́. Ó pa lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ́, ó pa èyí tó kọ rẹ́, ó tún lọ wá wọn níbi tí àwọn ohun tí a pa rẹ́ ń kó sí, ó kó wọn dànù níbẹ̀ náà. Nígbà tí fóònù Toyyib fi máa dé láti Post Office, ímeèlì ọ̀hún mọ́ tónítóní.

Ó rò pé ó ti parí. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Toyyib ń dúró. Oṣù kẹrin parí, ó ní, "Àwọn òyìnbó yẹn máa ń fara balẹ̀." Oṣù karùn-ún wọlé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn Súbúhì, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á tọrọ pé kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn náà fún òun, Sakinah tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ á sì ṣe àmín.

Àmín! Sí àdúà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé. Ó ní bí òun bá ti ṣe é tán, kò sí oúnjẹ tó ń dùn lẹ́nu òun títí di ọ̀sán.

"Ó dà bíi pé mà á kọ̀wé bi wọ́n," ni Toyyib sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Sakinah yára dá a lóhùn. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ dà bí alágbe lójú wọn ni? Tí wọ́n bá fẹ́ yín, wọ́n á pè yín."

Toyyib ronú sí i. "Òótọ́ lo sọ," ló dáhùn.

Ó gbà á gbọ́. Sakinah ní nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ yẹn ló ń dun òun jù.

Ní oṣù kẹfà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Nabeelah pè láti Houston. Nabeelah ni opó Abdulwaris. Òun àti Awwal ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Toyyib ló gba fóònù lọ́wọ́ Fawziyyah.

"Àǹtí Nabeelah, ẹ dákun, mo fẹ́ bẹ̀ yín nǹkan kan. Ẹ bá mi pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Kí n ṣáà mọ̀ pé wọn ò gbà mí, ọkàn mi á balẹ̀."

Sakinah sáré jáde láti inú kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Bàbá Fawziyyah, ẹ má yọ Ìyá Awwal lẹ́nu. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Ìyọnu wo, ọkọ mi?" ni Nabeelah fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. "Fóònù lásán ni."

Sakinah ò mọ bí ọjọ́ Ajé ṣe kọjá. Ó kọ máàkì ẹnìkan síwájú orúkọ ẹlòmíràn. Ó bú ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mágàríbà ku díẹ̀, ìyá Sakinah wá kí wọn. Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀ nígbà tí fóònù Toyyib dún. Ó gbé e sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́, torí ó rò pé bó bá jẹ́ ìròyìn ayọ̀ ni, kí àwọn jọ gbọ́ ọ.

"Bàbá Fawziyyah," ni Nabeelah sọ. "Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn gbà yín. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀wé pé ẹ ò wá mọ́."

"Èmi?"

"Wọ́n ní àwọn ti fi ìwé náà ránṣẹ́ padà sórí ímeèlì yín báyìí, kí ẹ wò ó."

Toyyib ṣí i. Ó kà á sókè, ó rọra ń kà á bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó dé ibi orúkọ ara rẹ̀, ó dúró.

"Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin," ló sọ. "Fóònù mi wà ní Post Office lọ́jọ́ kẹtàlá."

Ó wo fóònù, ó wo Sakinah.

"Gẹ̀ẹ́sì ẹ nìyí," ló sọ fún un. "Kọ́mà kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ kó wà. Èmi ò mọ ibi tí kọ́mà ń gbé."

Sakinah ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Wàláì, ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa yín."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á sọ. "Toyyib, fara balẹ̀. Bóyá Ọlọ́run ni ò fẹ́ kí o lọ."

"Màmá," ni Toyyib dáhùn, kò pariwo rárá, "Ọlọ́run kọ́. Sakinah ni."

Nabeelah ò tíì pa fóònù. Sakinah yíjú sí i bí ẹni tó rí igi dì mú nínú odò. "Ìyá Awwal, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Fawziyyah. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn yẹn fojú yín rí. Ẹ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́!"

"Ọkọ mi," ni Nabeelah sọ, "èmi ni mo lọ dá òkú rẹ̀ mọ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde, ohun tí ẹnìkan kọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ṣé ó ní ìwé ìgbélùú. Òkú ni wọ́n ń bi ní ìwé! Ẹ rò pé mi ò bínú? Mo di ẹrù tán, ó ku kí n kó Awwal wálé.

"Ṣùgbọ́n òyìnbó àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa, obìnrin ni, kì í tiẹ̀ kí wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ẹni tó yìnbọn, òun ló ń gbé mi lọ sí kóòtù, òun ló ń jókòó tì mí, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, títí wọ́n fi dá ẹjọ́ ẹni yẹn. Ẹni tó yìnbọn, Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó jókòó tì mí, Amẹ́ríkà ni. Ọdún kẹwàá mi rèé níbí, mi ò tíì lè sọ pé báyìí ni gbogbo wọn ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

Sakinah ń sunkún.

"Ẹ má di ẹ̀bi yìí ru Bàbá Awwal. Ikú rẹ̀ kọ́ ló kọ lẹ́tà yẹn."

Ó pa fóònù.

Wọ́n ń pe ìrun. Toyyib dìde, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ sí mọ́sálásí. Kò na ìyàwó rẹ̀, kò lé e jáde. Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí pè wọ́n jókòó, ohun tó sọ ò ju pé òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bàbá kan tó wà níbẹ̀ ní, "Ṣé o ti dárí jì í?" Ó ní, "Mo ní mo ti gbọ́, bàbá."

Ó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà á. Kò tú àsìrí ìyàwó rẹ̀. Ó ní àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nílé òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní àyè ti kún lọ́dún yìí, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Sakinah yọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba ààwẹ̀ kí ọ̀nà là. Obìnrin tó dí ọ̀nà pa ló wá ń fi ààwẹ̀ là á.

Kí oṣù Kejìlá tó parí, ìròyìn gba ìlú kan pé ìjọba Amẹ́ríkà ti dá físà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa dúró. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, wọ́n sì ní àwọn èèyàn wa kan máa ń dé ibẹ̀ kí wọ́n kọ̀ láti padà.

Toyyib gbọ́ ọ lórí rédíò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ti pẹ́ tí Sakinah ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ò dùn létí.

"Ìwọ ń bẹ̀rù gbogbo wọn torí ẹnìkan," ló sọ. "Àwọn náà ń bẹ̀rù gbogbo wa torí àwọn kan. Èmi tí mi ò ṣe ẹnikẹ́ni ni mo há sí àárín yín."

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bọ̀ láti abúlé kan tí wọ́n ti lọ wo oko. Wọ́n gbọ́ ìró ìbọn níwájú. Awakọ̀ fi mọ́tò sílẹ̀, gbogbo wọn sá wọ inú oko iṣu, wọ́n dojú bolẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Àwọn agbébọn kó èèyàn mẹ́rin lọ nínú mọ́tò tó ṣáájú tiwọn.

Nígbà tó wọlé, iyẹ̀pẹ̀ wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Sakinah gbé omi àti ọṣẹ wá, ó fẹ́ bá a fọ ẹsẹ̀.

"Sakinah," ni Toyyib sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ká ní wọ́n pa mí lónìí, ta lo máa sọ pé ó pa mí? Ṣé gbogbo Nàìjíríà ni?"

Ọkọ rẹ̀ gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá Sakinah ò yé yìn ín títí di òní. "O ṣeun tí o dá a dúró fún wa," ni ìyá máa ń sọ. Sakinah ní ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn ń ta òun ju gbogbo èébú tí àwọn ará ilé ọkọ òun bú òun lọ.

Lóṣù tó kọjá, ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Kò tíì jókòó tí ìyá fi dì mọ́ ọn. "Ẹ kú oríire o, ìyàwó mi! Màléṣíà náà ò kéré o jàre! Ẹ̀kọ́ ni ẹ̀kọ́ ń jẹ́."

Sakinah rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀. "A dúpẹ́, Màmá."

Nígbà tó délé, ó bi Toyyib. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gbà á ní yunifásítì kan ní Màléṣíà, oṣù kẹsàn-án ló ń lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

"Èmi àti Fawziyyah ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná."

Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á pé òun ò parọ́ nípa ẹ̀rù òun. Títí di òní, bó bá rí ìròyìn ìbọn, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òun ni. Kò yẹ kí òun fi ṣe ìpinnu fún ọkùnrin tó fi ímeèlì rẹ̀ lé òun lọ́wọ́.

Mo bi í bóyá ó rò pé Toyyib máa ránṣẹ́ sí wọn bó bá débẹ̀.

Ó ní Toyyib ti ra àpótí ìrìnàjò, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló rà.